Òfófó Ni Èso Fi Ń Pọ́n

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà, ẹ máa ṣà á lọ, etí nìkan ni mo fẹ́ yá. Ṣé ẹ rántí ìkómọ tí Ìyá Ìbejì ṣe, èyí tí wọ́n ní wọ́n pa ẹran méjì sí tí àwo tèmi kò sì rí ju fùkù lọ? Ọ̀rọ̀ ẹran yẹn ṣì wà nílẹ̀, a ó padà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni tó pín in bá rìnrìn àjò. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fẹ́ rò.

Ẹ̀kún agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni Ìyá Ìbejì rà ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn, dúdú ni gbogbo rẹ̀, ó le gbagidi. Ìpékeré ló fẹ́ dín fún àlejò. Ẹ kúkú mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti pọ́n kì í ṣe ìpékeré, ńṣe ló máa ń rọ̀ sínú epo, tí á sì tètè jóná nítorí ṣúgà tó ti wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́rú, àbúrò ọkọ rẹ̀ dé láti Èkó, ó gbé páálí àpù kan dání, èyí tó rà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojú ọ̀nà. Wọn kò rí ibi gbé e sí. Wọ́n bá da àpù lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí nínú agbọ̀n, wọ́n fi aṣọ àǹkárá ńlá bò ó mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ ilé má baà rí i. (Àwọn ọmọ ilé rí i. Ìyẹn kọ́ là ń sọ.) Nígbà tí yóò fi di àárọ̀ Sátidé tí wọ́n ṣí agbọ̀n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Igbe tí Ìyá Ìbejì ké, láti balùwẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní ayé ni. Ó ní ẹni tó fẹ́ dójú ti òun ló wá sọ̀rọ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóru. Ni ojú gbogbo wa bá yí sí Alhaja tó ń gbé yàrá kejì, nítorí òun nìkan ló máa ń jí lóru, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrun ni obìnrin náà ń jí kí. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ Ìyá Onígàrí, èyí tó ń kàwé ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó mú àpù kan jáde nínú agbọ̀n, ó ní, "Ẹ̀yin màmá mi, àjẹ́ tí ẹ ń wá rèé."

Ó ní àwọn èso kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbó, tí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, yóò máa tú gáàsì kan jáde lára tí wọ́n ń pè ní ethylene. Ojú kì í rí i. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbà á sára, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á sì tún ta ẹnìkẹta lólobó. Sítáàṣì inú wọn á máa di ṣúgà, ara wọn á máa rọ̀, òórùn dídùn á máa jáde. Àpù wà lára àwọn tó ń tú u jáde jù. Aṣọ àǹkárá tí wọ́n wá fi bò ó kò jẹ́ kí gáàsì náà rí ibi gbà lọ.

Mo ní, "Òfófó mà nìyẹn!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìròyìn ni wọ́n ń pè mí nínú ilé yìí, wọ́n ní ẹnu mi kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ wá gbọ́ báyìí: bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò bá ṣòfófó fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, ta ni yóò jẹ dòdò?

Kì í ṣe gbogbo èso ló ń ṣòfófó o. Máńgòrò ń ṣe é, ìbẹ́pẹ ń ṣe é, píà, gúáfà, tòmátì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìran kan náà ni wọ́n. Ọsàn, ọ̀pẹ̀yìnbó àti bàrà olómi kì í dá sí i. Bí ẹ bá ti já wọn, adùn tí wọ́n bá gbé kúrò lóko náà ni wọ́n ní, ẹ ò lè rí kún un nílé. Bàbá Onílé wa a máa gbé ọ̀pẹ̀yìnbó kodò, ewé rẹ̀ nílẹ̀, ìdí rẹ̀ lókè, ó ní kí adùn ìdí lè ṣàn dé orí. Ó ti ń ṣe é tipẹ́, adùn kankan kò pọ̀ sí i. Ì bá kúkú gbóòórùn ìdí rẹ̀ lọ́jà kó tó sanwó, kí èyí tí kò bá ta sánsán wà lórí àtẹ ẹni tó ń tà á. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi sọ ọ́ fún un, torí èmi ṣì jẹ ẹ́ lówó ilé.

Ọmọ Ìyá Onígàrí ní àwọn òyìnbó náà kò tètè mọ̀. Ní 1910, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ H. H. Cousins kọ̀wé sí ìjọba ní Jàmáíkà pé kí wọ́n má kó ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ sójú kan nínú ọkọ̀ ojú omi, nítorí nǹkan kan ń jáde lára ọsàn tó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí etí yín mú máa ní, ṣé kì í ṣe Ìyá Ìròyìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọsàn kì í ṣòfófó? Ẹ ṣeun. Ọsàn tára rẹ̀ dá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Èyí tó ti bu ni àwọn tó wá lẹ́yìn fura sí, nítorí nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń hù sára ọsàn tó bu a máa tú gáàsì yẹn jáde dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tètè yọ ọsàn tó bá bu kúrò nínú agbọ̀n, ẹ má ní ẹ̀ ń dúró de ẹni tí yóò bó o.

Ti Kalifọ́níà ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn tó ń gbin lẹ́mọ́ọ̀nù níbẹ̀ nígbà náà máa ń kó o sínú yàrá, wọ́n á tan sítóòfù kẹrosíìnì tì í kí ara rẹ̀ lè kúrò ní àwọ̀ ewé. Wọ́n rò pé ooru ni. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tuntun tó ń múlé gbóná láìsí èéfín síbẹ̀, kí ojú lè là. Lẹ́mọ́ọ̀nù kọ̀, ó jókòó, ó ń wò wọ́n. Ní 1924 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ F. E. Denny wá jẹ́ kó yé wọn pé ethylene inú èéfín sítóòfù ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ooru. Nígbà tó di 1934, Richard Gane ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rí hàn pé àpù fúnra rẹ̀ ń tú gáàsì kan náà jáde. Ẹ ò rí i pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pẹ́ tó nílẹ̀ nìyẹn níbi tí kò bá sí ẹni tó ń tọpinpin.

Kí la wá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyá Ìbejì ṣe? Dòdò ni, ẹnu gbogbo wa sì dán fún epo lọ́jọ́ náà. Èyí tó kù rọ̀, ó rọ̀ títí èèpo rẹ̀ fi dúdú. Alhaja, tí inú rẹ̀ kò tíì yọ́ lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́, kọjá lẹ́bàá agbọ̀n, ó ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, wọ́n ní ó ń pọ́n." Òwe gidi ni, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò tíì dé Ìkirè. Àwọn obìnrin Ìkirè á gba irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín, èyí tí ẹ ti fẹ́ fún ewúrẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú mirinmirin, wọ́n á wá mọ ọ́n ṣù. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ṣì le kò lè dùn bẹ́ẹ̀ láéláé. Nílé wa níhìn-ín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó bá ti rọ̀ jù, ìyẹ̀fun díẹ̀ ló ń fẹ́ kó di mọ́sà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí bí a ṣe ń mú un pọ́n, torí ìyẹn lẹ máa wá bèèrè lọ́wọ́ mi lẹ́yìn. Ìyá Onígàrí kò gbọ́ orúkọ Denny rí, ṣùgbọ́n ó ti ń ri píà mọ́ gàrí kí wọ́n tó bí ọmọ tó ń kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì yìí. Gàrí á bò ó pinpin, gáàsì kò ní rí ibi sá gbà, omi ara èso náà kò sì ní kó jọ sí i lára. Píà á dẹ̀ láàrin ọjọ́ bíi mélòó kan. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n kó má jáde lẹ́nu yín o, èmi kì í ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò píà.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ wé píà tàbí máńgòrò tó ti gbó sínú rẹ̀, ẹ kó o sínú páálí tàbí agbọ̀n, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti pọ́n sí àárín wọn kó máa ta wọ́n lólobó, kí ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa yọjú sí i. Ẹ rọra fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bá ìdí rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ igi. Bí ibẹ̀ bá ti ń rọ̀, ó ti yá. Ẹ má di í sínú láílọ́ọ̀nù tí kò ní ihò, kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, omi á kó sí i lára, á sì rà kí ó tó pọ́n. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. N kò dárúkọ rẹ̀. Yàrá karùn-ún ló ń gbé.

Ìbẹ́pẹ ní tirẹ̀, ìyá mi àgbà a máa fi ọ̀bẹ fa ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ lára èèpo rẹ̀ bí ẹnu rẹ̀ bá ti ń pọ́n díẹ̀, kí oje funfun yẹn lè ṣàn jáde. Ojú ọgbẹ́ yẹn a máa mú kí èso náà tú gáàsì sí i. Àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ ń fi ọ̀bẹ ṣá ọ̀pọ̀tọ́ síkámórè lára bẹ́ẹ̀ lórí igi. Wòlíì Ámósì inú Bíbélì gan-an, igi síkámórè ló ń tọ́jú kí Ọlọ́run tó pè é. Nígbà tí mo sọ èyí ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n jókòó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kankan kò lè ran èso tí kò gbó lọ́wọ́. Máńgòrò tí èjìká rẹ̀ kò tíì yọ, ìbẹ́pẹ tí àwọ̀ ewé ṣì bo ara rẹ̀ porogodo, ẹ rì í mọ́ gàrí, ẹ wé e, ẹ bá a sọ̀rọ̀, rírọ̀ ni yóò rọ̀, kò ní dùn.

Ibí yìí ni wàhálà ilé wa ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Wẹ́dà tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa ń wá agolo káábáàdì rẹ̀. Káábáàdì náà ni àwọn ọdẹ ń fi tan iná orí nígbà kan, tí wọ́n á bu omi sí i kí gáàsì tó ń jó lè jáde; òun náà ni àwọn wẹ́dà fi ń jó irin. Gáàsì yẹn, acetylene, jọ ethylene díẹ̀, èso a sì máa gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹni tí ojú ń kán á wá dì í sínú bébà, á tì í sáàárín èso, omi inú afẹ́fẹ́ á kàn án, gáàsì á jáde, èèpo èso á pọ́n kí inú rẹ̀ tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀, káábáàdì ọjà kì í mọ́. Ásénííkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń wà nínú rẹ̀, májèlé sì ni wọ́n. Àìmọye ìgbà ni NAFDAC ti pariwo rẹ̀ lórí rédíò pé kò yẹ kó kan ohun tí ènìyàn ń jẹ.

Ta lẹ rò pé ilé fura sí? Ìyá Rísí, tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní èmi ni mo sọ ọ́. N kò sọ ọ́, mo kàn bèèrè ni, mo ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ti ṣàkíyèsí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyá Rísí ṣe ń tètè pọ́n?" Ìbéèrè wá di ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fara balẹ̀ wo ọjà obìnrin náà, kò jọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi káábáàdì mú pọ́n, pípọ́n rẹ̀ á dọ́gba láti orí dé ìdí, á máa dán, igi rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀, imú kò ní gbọ́ nǹkan kan, ẹ ó bó o, inú á le. Ti Ìyá Rísí ní tótòtó dúdú lára, ó ń ta sánsán dé kọ̀rọ̀, àwọ̀ ewé sì ṣì wà lára òmíràn tó ti rọ̀ nínú. Àwọn oníbàárà ń bú u pé ó ń ta àìpọ́n. Ooru ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀pọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó bá pọ́n nínú ooru tiwa yìí, inú rẹ̀ á dẹ̀ tán kí èèpo rẹ̀ tó bọ́ àwọ̀ ewé sílẹ̀. Ọsàn náà nìyẹn. Ọmọ-ọmọ Alhaja wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní òun kò lè mu ọsàn àìpọ́n. Òru tó tutù níbi tí wọ́n ti gbin ọsàn tí wọ́n ń mu lọ́hùn-ún ló ń sọ ọ́ di pupa, òru Ìbàdàn kò sì tutù tó bẹ́ẹ̀, kò dí adùn lọ́wọ́. Imú ni kí ẹ máa gbé lọ sọ́jà. Ojú ló ń sọ àwọn kan di oníkáábáàdì, torí oníbàárà ń fẹ́ èyí tó ń dán, ọlọ́jà sì ń wá èyí tí oníbàárà fẹ́.

Bóyá ẹ ó bèèrè pé èyí tó bá ti pọ́n tán ń kọ́, báwo la ṣe ń ṣe é kó pẹ́? Ìyàwó Bàbá Onílé rò pé fíríìjì ni ìdáhùn gbogbo nǹkan. Fíríìjì yẹn ní kọ́kọ́rọ́, ẹ gbọ́ mi, kọ́kọ́rọ́ lára fíríìjì! Ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àìpọ́n sínú rẹ̀, èèpo wọn dúdú, wọn kò sì pọ́n mọ́ láé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í fẹ́ òtútù tó bá ti lọ sísàlẹ̀ nǹkan bí 13 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, fíríìjì sì ń tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Máńgòrò àti píà, ẹ jẹ́ kí wọ́n dẹ̀ tán níta kí ẹ tó gbé wọn wọlé. Ọ̀pẹ̀yìnbó tí ẹ ti gé, inú ike onídèérí ni. Píà tí ẹ là sí méjì, ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lójú kó má baà dúdú. Ẹ má fọ èso sílẹ̀ de ọ̀la, omi ló ń bá ohun tó ń mú un bu wá. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni kí ẹ fọ̀ ọ́.

Àwa tí a kò ní fíríìjì, tàbí tí a ní in tí iná kò dé, àmù ń bẹ. Olùkọ́ kan ní Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló ki ìkòkò amọ̀ kan bọ inú òmíràn, ó da yanrìn sí àárín méjèèjì, ó ń bu omi sí yanrìn náà, ó fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbẹ kúrò lára ìkòkò ni inú á máa tutù. Wọ́n ní ìgbá tó máa ń bàjẹ́ ní ọjọ́ 3 lò tó ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Rolex nítorí rẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà, lásìkò ọyẹ́ ni kí ẹ dán an wò níhìn-ín. Bí òjò bá ń rọ̀ l'Ékòó, omi kò ní ráyè gbẹ, ẹ kàn máa ní ìkòkò méjì ni.

Ó di ọjọ́ kan, òórùn ayù gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kálukú ń bèèrè ẹni tó ń fi ayù se ọbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń se é. Mo tọ òórùn náà lọ, ẹnu ọ̀nà yàrá keje ni mo bá a, yàrá tí ayálégbé ti kó kúrò nínú rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Bàbá Onílé nìkan. Mo pe Bàbá Wẹ́dà. Bó ṣe gbóòórùn rẹ̀ báyìí, ó kígbe pé kẹ́nikẹ́ni má ṣáná, pé òórùn káábáàdì ni, gáàsì náà lè gbiná. Alhaja sáré lọ pa sítóòfù rẹ̀, ìrẹsì rẹ̀ sì kù díẹ̀ kó jinná.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Dúrọ́ọ̀mù kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi tapólì bò, máńgòrò ẹ̀yìnkùlé Bàbá Onílé ló kún inú rẹ̀, èyí tó ní àwọn ọmọ ayálégbé ti kó tán. Àìgbó ló já wọn, kí wọ́n má baà sọ ọ́ lókò. Agolo Bàbá Wẹ́dà wà nísàlẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára agolo. Máńgòrò náà dán, ó rẹwà, ó yẹ kí wọ́n yà á sí kàlẹ́ńdà. A fi ọ̀bẹ la ọ̀kan: inú rẹ̀ funfun, ó kan, kóró rẹ̀ kò tíì le. Bàbá Onílé ní òun fẹ́ fi ta gbogbo ilé lọ́rẹ ni.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Láti ìgbà náà kò tíì mẹ́nu kan owó ilé fún mi. Ìyá Rísí ní tirẹ̀ ti fi owó lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo ará ilé, tèmi sì ju ti gbogbo wọn lọ. Mo ní èwo ni ti àlékún, ó ní owó ẹ̀sùn ni.